Ẹni Tó Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kan Ògiri

Èmi ni alárinà wọn, kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹlòmíràn bá mi sọ ọ́. Bí ẹ bá gbọ́ nílùú wa pé Rhonda Tressider ló ń gbé ọ̀rọ̀ kiri láàárín Kelvin àbúrò rẹ̀ àti Leonie Strachan, òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé Kelvin ló bẹ̀ mí. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún jókòó sídìí tábìlì ìdáná mi bí ọmọ tó fẹ́ tọrọ owó ìwé, ó ń yí ife tíì ká láìmu ún. Ó ní òun gbọ́ pé Leonie ti padà wálé láti Brisbane, pé ó wá tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ṣubú. Mo ní mo gbọ́. Ó ní ṣé ó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́? Mo ní ṣé èmi ni mò ń bá a sá aṣọ ìwẹ̀ rẹ̀ ni.

Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó pẹ́ tí ìyàwó Kelvin ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin náà sọ fún mi lójúkojú pé ọkọ òun kì í bá òun jiyàn, kì í bá òun jà, ohunkóhun tí òun bá ti fẹ́ ló ń gbà, ó sì ti sú òun. Nígbà yẹn mo rò pé aláìmoore ni. Irú ọkọ wo ló tún ń wá? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé obìnrin náà rí nǹkan tí èmi ẹ̀gbọ́n kò rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa Kóòṣì kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín. Alistair Strachan, bàbá Leonie, ni gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀, òun ló kọ́ gbogbo ọmọ ìlú èédú wa ní ìlúwẹ̀ẹ́. Adágún wa wà létí òkun, inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, ìgbì a sì máa fò wọ inú rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí a ó ti bẹ́ sínú omi tó ń jáni ní eegun. Kóòṣì ní aago lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ ohun tí aago wí fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ọmọ tó bá ti mọ bí òun ṣe yára tó, ọ̀lẹ ló máa yà. Orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri nìkan ló máa ń pè. Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, oúnjẹ àárọ̀ á dùn lẹ́nu rẹ. Bí o kò bá gbọ́ ọ, padà sómi.

Leonie kì í sábà gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó yára o, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe tó tó lójú bàbá rẹ̀. Kelvin ló yára jù ní gbogbo agbègbè wa nígbà náà, nítorí náà Kóòṣì máa ń fi í sí ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Leonie kí ọmọbìnrin náà lè máa lé e. Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láàárín ọmọ méjì tí wọn kì í rí ojú ara wọn àfi bí wọ́n bá yí orí láti mí.

Nígbà òtútù ọdún tí Leonie pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Kóòṣì sọ níwájú gbogbo wa pé bí ọmọ òun kò bá lè borí Kelvin lẹ́ẹ̀kan péré, òun ò ní mú un lọ sí ìdíje Sydney, òun á sì yọ ọ́ kúrò láàárín wa pátápátá. Ó ní òun ò ní máa tọ́ ẹni tí kò fẹ́ borí. Nígbà tó di Sátidé, àwọn méjèèjì bẹ́ sómi. Leonie ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri. Kóòṣì wo aago, ó wo Kelvin, ó wá pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Leonie ń fọwọ́ lu omi, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ẹni tínú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, títí kan ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Kóòṣì lé Kelvin kúrò. Ó ní kò gbọdọ̀ tẹsẹ̀ bọ adágún mọ́, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọ òun. Gbogbo ìlú ní ìfẹ́ ló fà á, nítorí àwọn kan ti rí àwọn méjèèjì lẹ́yìn ilé ìpààrọ̀ aṣọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Sydney kò so èso kankan, Leonie kò sún mọ́ àwọn tó gba ẹ̀bùn, èjìká rẹ̀ bàjẹ́ lọ́dún kejì, wọ́n sì rán an lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Brisbane. Kelvin wọ inú ihò èédú lọ bíi bàbá wa. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀, ì bá sì sàn fún gbogbo wa.

Lọ́jọ́ Àìkú nígbà òtútù, àwa àgbàlagbà tí a jọ lúwẹ̀ẹ́ léwe máa ń pàdé ní adágún kan náà. Ikùn ti yọ, orúnkún ti ń ké, ṣùgbọ́n a ṣì ń díje. Èmi ni mò ń tú wọn sílẹ̀. Ẹni tí kò yára á kọ́kọ́ bẹ́, ẹni tó yára jù á bẹ́ gbẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé bí kálukú bá wẹ̀ bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, gbogbo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ògiri pọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí a kì í dárí rẹ̀ jini níbẹ̀ ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn. Bí o bá mutí yó níbi àsè wa, a ó gbé ọ délé. Bí o bá díbọ́n nínú omi, a kì í kí ọ mọ́.

Ibẹ̀ ni mo pe Leonie sí. Ó wá, ó fi aṣọ ìnura bo orí, ó di ife tíì mú, ó lóun ò ní wọ omi. Kelvin gbé sọ́séèjì àti àlùbọ́sà sáàárín búrẹ́dì, ó mú un lọ fún un. Ó ń yára débi pé àlùbọ́sà ń já bọ́ lọ́nà.

Ó ní, "Ṣé o ṣì dá mi mọ̀?"

"Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ ni mo mọ̀ jù," ni Leonie dáhùn. "Òun ni mo fi gbogbo ìgbà èwe mi wò. Àfi ọjọ́ kan."

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, Leonie sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọjọ́ Sátidé náà. Kelvin rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ bu tíì tí kò fẹ́ mu. Èmi rò pé ojú ló ń tì í.

Láti ọjọ́ náà lọ, Leonie kì í pa ọjọ́ Àìkú kankan jẹ. Oṣù kan kò tíì pé tó fi wọ omi. Kelvin a máa dúró dè é létí àtẹ̀gùn, a máa gbé bàtà rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ìgbì. Bí wọ́n bá lọ tán, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kí n lọ rán aṣọ ìyàwó. Mo ń gbádùn rẹ̀. Nígbà tí Leonie bá sì wá sílé mi, kò sí ohun tó máa ń sọ bíi ti ọjọ́ Sátidé náà. Ó ní nígbà tí ọ̀gá òun ń fojú òun gbolẹ̀ ní Brisbane, nígbà tí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ òun sá lọ, òun a pa ojú dé, òun a rántí ojú Kelvin nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn dé ògiri, bó ṣe yíjú sí òun tó la ẹnu, tí èémí ti tán nínú rẹ̀.

"Rhonda, ẹni tó bá ti borí lẹ́ẹ̀kan, ayé ò lè mú gbogbo rẹ̀ tán," ó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. "Ó máa ń ku ibì kan tí ọwọ́ wọn ò tó."

Nígbà tí Kelvin sọ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, mo wọ aṣọ tó dáa, mo lọ bá Kóòṣì. Ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ níwájú fèrèsé, ó kọjú sí òkun. Mo gbé kéèkì sílẹ̀, kò wò ó. Mo sọ ohun tó gbé mi wá.

"Kelvin kò ṣeé fẹ́," ó ní.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn méjèèjì ti dàgbà. Ọmọ yín ò lè ka ohun tó wà lára páálí wàrà mọ́ láìlo jígí."

"Mo mọ ọjọ́ orí ọmọ mi."

"Kí wá ni Kelvin fi ṣẹ̀ yín?"

"Kì í ṣe èmi ló ṣẹ̀. Sọ fún un kó lọ jẹ́wọ́ fún Leonie ìdí tí mo fi lé e. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́wọ́, tí Leonie bá ṣì fẹ́ ẹ, kí wọ́n tì mí lọ síbi ìgbéyàwó, màá fọwọ́ síwèé."

Mo bá Kelvin níbi tó ti ń họ ìpẹ́ ẹja. Mo rò pé obìnrin mìíràn ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tàbí oyún tí ẹnì kan ṣẹ́, mo sì bú u sílẹ̀ kí n tó bi í léèrè. Ó ní kò sí obìnrin kankan. Ó ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kò lè ṣe Leonie ní àǹfààní kankan kó gbọ́ ọ. Mo ní àbúrò mi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Ó ń họ ẹja rẹ̀ lọ. Ó ní, "Rhonda, ó ń múnú rẹ̀ dùn. Kí ló dé tí èmi á fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo ní Leonie gan-an ló fẹ́ràn, kó sọ fún un.

Kò sọ fún un. Leonie ní tirẹ̀ kò dúró gba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé gbogbo ìgbà èwe òun ló fi pe orúkọ ẹlòmíràn létí òun, pé òun á fẹ́ Kelvin nínú oṣù kẹsàn-án nígbà tí oòrùn bá ti ń mú díẹ̀, bó wù ú kó wá, bí kò wù ú kó jókòó ti fèrèsé rẹ̀. Kóòṣì bi í pé ṣé Kelvin ti bá a sọ̀rọ̀. Leonie ní ọ̀rọ̀ wo? Bàbá náà yíjú sí fèrèsé. Kelvin ra òrùka. Mo lọ bá wọn wo gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn tó ń dóòlà ẹni tí omi fẹ́ gbé létí òkun, mo tiẹ̀ ti ń bá obìnrin tó ń ṣe oúnjẹ jà lórí ẹran àgùntàn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, Leonie ń fi orin sẹ́nu rìn láàárín ìlú.

Ìdíje tó kẹ́yìn òtútù ni Leonie sọ pé òun á kọ́kọ́ bá wa díje. Mo tú u sílẹ̀ ṣáájú Kelvin bó ṣe yẹ, mo mọ ọwọ́ àwọn méjèèjì dáadáa. Èjìká ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Kelvin bẹ́ gbẹ̀yìn, ó ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ògiri ti wà níwájú, ó bá Leonie dọ́gba, gbogbo wa sì ti ń pariwo. Mo rí i tí ẹsẹ̀ Kelvin dákẹ́ nínú omi. Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ Leonie láti mí, ó la ẹnu. Leonie kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri.

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ti mọ ohun tí mo rí, àmọ́ mo pe orúkọ Leonie, òfin ni. Leonie kò fọwọ́ lu omi. Ó gun àtẹ̀gùn, ó rìn kọjá aṣọ ìnura rẹ̀, ó dúró níwájú Kelvin tí òun náà ti gòkè, omi ń kán lára rẹ̀.

"O mí sí ọ̀dọ̀ mi," ó ní.

"Èèyàn gbọ́dọ̀ mí, Leonie."

"Kì í ṣe níbẹ̀. Dádì ló kọ́ àwa méjèèjì. Bí ògiri bá ti wà níwájú, a kì í gbé orí. Ẹni tó bá ń wẹ̀ tọkàntọkàn kò lè ráyè wo ibi tí mo wà."

Kelvin ní òun kàn fẹ́ rí i kó tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kí ìgbéyàwó tó dé ni. Ọ̀rọ̀ kan yẹn, "tún," ló pa á. Leonie gbọ́ ọ, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ.

"Ojú kan náà ni," ó ní. "Ojú tí mo gbé dé Brisbane. Ọjọ́ Sátidé yẹn ńkọ́, Kelvin?"

Èmi tí mo ti ní kó jẹ́wọ́, mo ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kó purọ́. Ẹ̀rù ohun tó wà lójú obìnrin náà bà mí. Ṣùgbọ́n Kelvin kò mọ irọ́ pa tí wọ́n bá bi í. Irọ́ tirẹ̀, ara ló fi ń pa á.

Ó ní, "Bàbá rẹ fẹ́ lé ọ kúrò. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Kí ni ǹ bá ṣe?"

Leonie mi orí bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún. Ó gbé aṣọ rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, òun ló sọ ọ́ fún mi. Ó bi bàbá rẹ̀ bóyá ó mọ̀. Kóòṣì ní aago wà lọ́wọ́ òun, báwo lòun ò ṣe ní mọ̀, ọmọ tó lè parọ́ nínú omi ni òun lé, òun ò lè jẹ́ kó fẹ́ ọmọ òun. Leonie ní kí ló dé tí kò sọ fún òun láti ìgbà náà, tó tún mú òun lọ sí Sydney.

Bàbá náà ní, "Inú rẹ ń dùn. Mi ò rí i kínú rẹ dùn bẹ́ẹ̀ rí."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkùnrin méjèèjì, tí wọn kò lè wo ojú ara wọn, ṣe pawọ́ pọ̀ láìsọ ọ́ láti dáàbò bo obìnrin kan, tí wọ́n sì jẹ́ kó kọ́ ilé ayé rẹ̀ sórí ohun tí kò sí. Mo bínú sí wọn dọ́ba. Mo tún káàánú wọn, nítorí mi ò mọ ohun tí èmi ì bá ṣe.

Kelvin ń rán mi níṣẹ́, mò ń lọ mò ń bọ̀. Leonie kì í lé mi. Ó máa ń fún mi ní tíì, á sì wo òkun bí bàbá rẹ̀ ti ń wò ó. Mo ní ọmọdé ni Kelvin nígbà náà, ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó ní òun mọ̀. Mo ní ṣé òun ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ ni? Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀, wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Bó bá sọ fún òun pé òun rẹwà, pé oúnjẹ òun dùn, pé inú tirẹ̀ dùn, báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dákẹ́ lábẹ́ omi? Nígbà tó yá, ó ní kí n sọ fún Kelvin kó wá sí adágún láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí èmi náà wá tú àwọn sílẹ̀.

Kelvin rò pé ó ti dárí ji òun. Ó lọ gẹ irun. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun wá síbi tó ti fẹ́ bọ́ aṣọ. Leonie ti wà níbẹ̀ nínú aṣọ ìwẹ̀, ó bọ́ òrùka, ó fi lé mi lọ́wọ́. A máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú omi tútù kó má bàa yọ bọ́, nítorí náà mi ò ro nǹkan mìíràn sí i.

"Lónìí, wẹ̀ ẹ́ bó o ṣe mọ̀ ọ́n wẹ̀," ó sọ fún Kelvin. "Má wò mí."

"Bí mo bá wẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí mo wà ni."

Mo tú wọn sílẹ̀ pọ̀. Kelvin kò gbé orí wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ti dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ṣì ń là fún un. Kò pẹ́ tó fi jù ú sílẹ̀. Wọ́n lọ, wọ́n yí padà, àlàfo tó wà láàárín wọn sì ń fẹ̀. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó dìde dúró, ó bojú wẹ̀yìn. Leonie ṣì jìnnà. Ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wò ó pé bóyá ó ti dúró. Kelvin dúró nínú omi, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń sunkún, kò sì sí ohun tó lè ṣe fún un ju pé kó dúró síbẹ̀. Ìgbì kan fò wọlé, ó bo Leonie mọ́lẹ̀, ó tún yọ, ó ń fi èjìká kan ṣoṣo tó dáa fa ara rẹ̀ bọ̀. Ó dé. Ó fọwọ́ kan ògiri. Mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó gòkè, mo na òrùka sí i. Ó ní kí n mú un fún ẹni tó ni ín. Ó fi aṣọ ìnura bo èjìká, ó sì wo àbúrò mi nísàlẹ̀, láìbínú.

"Ká ní o ṣe báyìí nígbà yẹn, Kelvin," ó ní. "Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ǹ bá sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan, kó sì tán."